Ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ yín?

Ẹ wò ó, mi ò ní in lọ́kàn láti wo fíìmù yìí rárá. Ọ̀rẹ́ mi kan ló kó o sínú fláàṣì fún mi láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn pẹ̀lú fíìmù bí ogójì míì, mo sì ti wo gbogbo èyí tí ìbọn ti ń dún nínú ẹ̀ tán kó tó wá ku eléyìí àtàwọn méjì kan tí ò ṣí. Orúkọ ẹ̀ ni 20th Century Women. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn náà, ṣé kò jọ ìwé tí wọ́n máa ń fún èèyàn kà ní yunifásítì téèyàn á máa sùn lé lórí? Alẹ́ Jímọ̀ tó kọjá ni iná wá dúró dáadáa (ẹ bá mi dúpẹ́), oorun ò sì kùn mí, ni mo bá tẹ̀ ẹ́, mo ní kí n ṣáà wo bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó fi máa di aago méjì òru mo ti dìde nídìí kọ̀ǹpútà, mo lọ dúró sí kíṣìnì, mi ò mọ ohun tí mo wá mú níbẹ̀.

Mọ́tò tó ń jóná ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìlú Santa Barbara ni, létí òkun ní California, ọdún 1979. Dorothea àti ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, Jamie, lọ ra oúnjẹ, bí wọ́n ṣe jáde báyìí ni wọ́n rí mọ́tò Ford wọn tó ń jó lala níbi tí wọ́n páàkì ẹ̀ sí. Mọ́tò ọkọ ẹ̀ ni, ọkọ tó ti lọ. Mọ́tò yẹn náà ni wọ́n fi gbé Jamie wálé láti ọsibítù nígbà tí wọ́n bí i. Àwọn panápaná dé, wọ́n pa á, ẹ ẹ̀ wá mọ ohun tí obìnrin yìí ṣe? Ó ní kí àwọn panápaná máa bọ̀ nílé òun wá jẹun. Ọmọ ẹ̀ ní àwọn èèyàn kì í pe panápaná wá jẹun. Òun náà ní kí ló dé tí wọn kì í pè wọ́n?

Ibẹ̀ yẹn ló ti mú mi. Torí màámi gan-an nìyẹn! Màámi ti gbé àmàlà fún ọkùnrin tó wá gé iná wa rí. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọwọ́, ó kí wọn pé ẹ ṣeun mà, ó gbé àkàbà, ó sì gé iná náà. Màámi ní kò burú, ṣèbí iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe.

Ọmọ ọdún 55 ni Dorothea, Jamie jẹ́ 15, ẹ ṣírò ẹ̀, ó ti pé ogójì kó tó bí i. (Ẹ má bínú pé mò ń pe obìnrin ọmọ ọdún 55 ní "ó", tó bá jẹ́ àdúgbò wa ni, wọ́n á ti gbá mi létí.) Ọkọ ti kó lọ sí apá ibòmíì ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ ìbí àti Kérésì ló máa ń rántí pè. Ilé àtijọ́ ńlá kan ni wọ́n ń gbé, ilé tí wọ́n ń tún ṣe tí àtúnṣe ò tán, ó wá fi àwọn yàrá kan háyà. Abbie wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tó ń ya fótò, irun ẹ̀ pọ́n bí ata rodo. William náà wà níbẹ̀, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó mọ iṣẹ́ káfíńtà tó mọ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Julie ò gbébẹ̀ ní tiẹ̀, ọmọ ọdún 17 ni, ìtòsí nilé wọn, àmọ́ tó bá ti di alẹ́ ó máa ń gun igi àwọn tó ń kọ́lé wọ yàrá Jamie, wọ́n á jọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀, Julie ní ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Jamie wá ń kú lọ síbẹ̀, ọmọ èèyàn.

Annette Bening ló ṣe Dorothea, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó gbàgbé: wọn ò dárúkọ obìnrin yìí mọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ fún ní àmì-ẹ̀yẹ Oscar lásìkò tí fíìmù náà jáde, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ fíìmù náà ni wọ́n dárúkọ, ó sì ń dùn mí bíi pé èmi ni wọ́n jẹ ní gbèsè. Ẹ ṣáà lọ wo bó ṣe ń mu sìgá. Ó máa ń fa á bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, á wá gbé ọ̀rọ̀ náà mì pẹ̀lú èéfín.

Àràárọ̀ ni òun àti Jamie máa ń jókòó ti ìwé ìròyìn, wọ́n á máa wo iye tí ṣíà (ìpín téèyàn rà nínú ilé-iṣẹ́) ti gùn tàbí tó já sí, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọkọ ẹ̀ wá sókè, ohun tó sọ ni pé ọlọ́wọ́ òsì ni, ó lè máa fi ọwọ́ òsì kọ iye ṣíà kó máa fi ọwọ́ ọ̀tún họ ẹ̀yìn fún òun. Ìyẹn nìkan ló sọ, kò sunkún, kò ṣépè. Mo dá a padà, mo tún un wò. Obìnrin kan fẹ́ ọkùnrin, ó bímọ fún un, ọkùnrin lọ, ohun tó wá kù lọ́wọ́ ẹ̀ ni pé ọkùnrin yẹn mọ ẹ̀yìn í họ.

Èmi àti màámi, ìwé àwìn ni tiwa. Àǹkárá ni wọ́n ń tà ní Gbági nígbà yẹn, Òkè-Àdó là ń gbé. Bàbá mi ti lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, iṣẹ́ náà sì bí ọmọ mẹ́ta fún un níbẹ̀. Lálaalẹ́ tá a bá jẹun tán, màámi á tan àtùpà, wọ́n á ní "gbé ìwé wá", màá wá máa kọ: Ìyá Ìbejì, 4,500. Ìyàwó pásítọ̀, 7,000, ó ti san 2,000. Ìyá Oníbùrẹ́dì, ó ti san tán, fagi lé e. Ìwé ẹ́sásáìsì olójú 40 ni, ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, wọ́n fi òwú tí wọ́n fi ń dì bọ́ńdù aṣọ rán an pọ̀. Mo mọ gbogbo ẹni tó jẹ màámi lówó ní Ìbàdàn, ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì lè wò mí ní Sọ́ńdè. Ẹ̀gbẹ̀rún márùn-ún ìyàwó pásítọ̀ ṣì wà nílẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí fíìmù. Jamie bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe eré òmùgọ̀ kan, wọ́n á máa mí gule-gule, ẹnì kan á wá fi ọwọ́ tẹ àyà ẹ títí wàá fi dákú, tó o bá jí, ẹ̀rín. Ti Jamie ò jí bọ̀rọ̀. Ó tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó lajú. Ọsibítù ni Dorothea ti lọ bá a, ó bi í léèrè pé kí ló dé, ọmọ ò rí nǹkan kan sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ ọmọkùnrin ọmọ ọdún 15, ẹ mọ "mi ò mọ̀" yẹn. Irú "mi ò mọ̀" tó dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n há.

Nínú fíìmù tiwa ńkọ́? Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ìyá á kiri ẹ̀kọ, ìyá á fọ aṣọ aláṣọ, orin á máa lọ lábẹ́ ẹ̀, á gbààwẹ̀ ọjọ́ 21, ọmọ á wá di ọ̀gá olówó tàbí kó di jàgùdà, bàbá á padà wá lápá kejì pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́ kó dọ̀bálẹ̀. Mi ò ní kò dáa o, mo ti sunkún sí púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn ìyá mọ ohun tó ń ṣe. Ó lè jìyà o, ṣùgbọ́n kò ní jókòó kó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa ṣe é. Dorothea jókòó, ó pe Abbie àti Julie sí kíṣìnì, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí, mi ò lè dá a ṣe. Julie, ọmọ ọdún 17, ló wá bi í pé ṣé kì í ṣe ọkùnrin ló yẹ kó kọ́ ọkùnrin ni? Dorothea ní rárá, òun ò rò bẹ́ẹ̀.

Mo dá a dúró níbẹ̀. Torí William wà nínú ilé yẹn! Ọkùnrin gidi, tó lè tún ẹńjìnnì ṣe, ó kàn jẹ́ pé òun àti Jamie ò rí ọ̀rọ̀ bá ara wọn sọ ni. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa, kí ilẹ̀ tó mọ́ àwọn ẹbí á ti dé. Ẹ̀gbọ́n màámi kan, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ ire, wọ́n wá sílé wa lọ́dún 2005 pẹ̀lú ìdájọ́ wọn lápò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èmi náà ṣe òmùgọ̀ tèmi. Èmi àtàwọn ọmọ mẹ́rin kan sá kúrò ní lẹ́sìnnì, a lọ wẹ̀ nínú kòtò kúárì kan lọ́nà Àkàǹrán, omi yẹn tutù, ó jìn, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ mọ́, ọkùnrin kan tó ń fọ́ òkúta níbẹ̀ ló fi ọ̀pá fà mí jáde. Wọ́n gbé mi wálé pẹ̀lú ṣòkòtò ilé-ìwé tó ń jò. Ẹ̀gbọ́n màámi ní ọmọ tí kò ní ọkùnrin nínú ilé, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé kí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí bàbá mi l'Ékòó tàbí kí wọ́n wá ilé-ìwé àwọn sójà kan jù mí sí. Ẹ ṣáà mọ ọ̀rọ̀ yẹn, ọmọ tó dáa ti bàbá ni, èyí tí ò dáa ti ìyá ẹ̀ ni. Màámi gbé ẹran fún wọn, màámi ní àwọn ti gbọ́. Wọn ò fi mí ránṣẹ́ síbì kankan.

Ohun tí màámi wá ṣe, mi ò mọ̀ ọ́n fún ọdún 19. Ẹ dúró ná, màá sọ ọ́.

Abbie ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn méjèèjì. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ló ṣe é, wọ́n sì ní ohun tó fà á ni oògùn DES tí ìyá ẹ̀ lò nígbà tó lóyún ẹ̀. Òótọ́ ni oògùn yìí o, kì í ṣe fíìmù ló dá a sílẹ̀. Láti ọdún 1940 síwájú ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti ń fún aláboyún ní nǹkan yìí pé kí oyún má baà bọ́, 1971 ni ìjọba tó wá ní kí wọ́n má fún aláboyún mọ́, nígbà tí wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ kan tó ṣọ̀wọ́n ti ń mú àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bí. Ẹ wá rò ó wò, ìyá gbé oògùn mì kó lè rí ọmọ bí, oògùn yẹn sì dúró de ọmọ náà láti inú. Nínú fíìmù, ìyá Abbie ò lè wo ojú ọmọ ẹ̀ mọ́, ni Abbie bá kó wá sílé Dorothea. Nígbà tó fẹ́ lọ gba èsì àyẹ̀wò ní ọsibítù, Jamie ló tẹ̀ lé e. Ọmọ ọdún 15, ó jókòó tì í. Tẹ́ ẹ bá bi mí, ibẹ̀ ni ọmọ yẹn ti di ọkùnrin, kì í ṣe gbogbo ilé ijó tí Abbie mú un lọ.

Àmọ́ Abbie tún gbé àwọn ìwé obìnrin fún un kà, ìwé tó ń ṣàlàyé ara obìnrin láìfi nǹkan kan bò, ọmọ sì gbé ọgbọ́n yẹn lọ síta, ó lọ ṣàlàyé fún ọmọkùnrin kan tó ń fọ́nnu nípa obìnrin pé kò mọ ohun tó ń ṣe, ẹ̀ṣẹ́ ló gbà délé. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà kan tún wà nídìí oúnjẹ tí Abbie ní kí gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ fi ẹnu ara wọn pe "nǹkan oṣù", kó má jọ ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, àwọn ọkùnrin wá ń pè é bí ẹni tó ń gbé omi gbígbóná. Ibẹ̀ yẹn gùn jù díẹ̀ sha. Tí mo bá ní ẹ̀sùn kankan sí fíìmù yìí, òun náà nìyẹn: nígbà míì àwọn èèyàn inú ẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ bí ìwé tí wọ́n kà. Julie náà, mi ò fi bẹ́ẹ̀ gba tiẹ̀, ó rẹwà, ó ń rojọ́, ó ń mu sìgá, mi ò tíì mọ̀ ọ́n tó tí fíìmù fi tán. Ó lè jẹ́ torí pé Jamie náà ò mọ̀ ọ́n ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Jamie bi ìyá ẹ̀ lọ́jọ́ kan pé ṣé inú ẹ̀ ń dùn, ṣé ayọ̀ ẹ̀ tó bó ṣe rò pé ó máa rí nígbà tóun náà wà lọ́mọdé. Ojú Dorothea yí padà. Ó ní wọn kì í bi èèyàn ní irú ìbéèrè yẹn. Ọmọ ní ìyá mi ni ẹ́ kẹ̀. Ó ní pàápàá jù lọ ìyá ẹ. Ó wá ní kéèyàn máa bi ara ẹ̀ bóyá inú òun dùn, ọ̀nà àbùjá sí ìbànújẹ́ nìyẹn.

Háà. Ẹ fún obìnrin yìí ní gèlè. Yorùbá ni!

Ibi tó wá dùn mí jù ni ìgbà tí Jamie gbé ọ̀kan nínú àwọn ìwé Abbie wá bá a, ó dúró, ó ń kà á sókè fún ìyá ẹ̀, ọ̀rọ̀ nípa obìnrin tó ti ń dàgbà tí ayé ò rí mọ́, tí ìfẹ́ ṣì wà nínú ara ẹ̀ àmọ́ tí ẹnikẹ́ni ò wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ọmọ yẹn ò ní ibi lọ́kàn o. Ó rò pé òun ti rí kọ́kọ́rọ́ ìyá òun nínú ìwé. Dorothea gbọ́ ọ tán, ó bi í pé ṣé o rò pé èmi nìyẹn? Ó ní òun ò nílò ìwé kí òun tó mọ ara òun. Ojú Bening níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wò ó. Kò pariwo. Ó kàn dà bí ẹni tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn bá nígbà tó ń wọṣọ.

Mo mọ̀ ọ́n torí mo ti ṣe é. 200 level ni mo wà, mo gba kọ́ọ̀sì kan nípa ọpọlọ ọmọ èèyàn, tíṣà kan kọ́ wa ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sì gbé e wálé fún àwọn ará ilé. Màámi ń ṣa ẹ̀wà ní ẹ̀yìnkùlé, mo jókòó sórí àpótí, mo ṣàlàyé màámi fún màámi. Mo ní ìdí tí ẹ ò fi fẹ́ ọkọ míì ni pé ẹ̀rù ń bà yín kí ẹnì kan má tún fi yín sílẹ̀, gbogbo iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ yìí, ìbẹ̀rù yẹn lẹ̀ ń sá fún. Mo sọ ọ́ dáadáa, mo tiẹ̀ lo gírámà. Wọn ò gbé ojú sókè. Òkúta wẹ́wẹ́ inú ẹ̀wà ń dún nínú abọ́, kì, kì. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní "O ṣeun, tíṣà." Wọ́n wá na abọ́ ìdọ̀tí ẹ̀wà sí mi, "Gbà, bá mi dà á nù." Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá, ara mi ṣì máa ń bù máṣọ tí mo bá rántí.

Wọ́n tún fi ààrẹ wọn ìgbà yẹn sí i, Jimmy Carter, ọ̀rọ̀ tó bá ará ìlú sọ ní July 15, 1979, gbogbo ilé jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń sọ fún wọn pé nǹkan rírà àti ìgbádùn ti gbà wọ́n lọ́kàn jù, pé kò sì lè dí àlàfo inú ọkàn wọn. Gbogbo èèyàn ní ọkùnrin yìí ti bá tara ẹ̀ jẹ́. Dorothea nìkan ló ní ọ̀rọ̀ náà dára. Mi ò mọ ìdí tó fi mú mi. Bóyá torí pé ó jẹ́ ẹni tó sọ lójú gbogbo ayé pé nǹkan ò lọ dáadáa ni, bí òun náà ṣe sọ ọ́ ní kíṣìnì.

1979 yẹn náà ló wá mú mi ronú. Wọ́n bí màámi ní 1964. Ìyẹn ni pé lọ́dún tí wọ́n gbé fíìmù yìí lé, ọmọ ọdún 15 ni màámi, ẹgbẹ́ Jamie! Ọdún yẹn gan-an, ní October, ni ológun gbé ìjọba sílẹ̀, tí Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ọ̀yọ́, tí ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì di ọ̀fẹ́, màámi wà lára àwọn tó rí ààyè wọlé torí bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń sọ ìyẹn dáadáa, wọ́n á ní "Ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ni mo lọ o." Àmọ́ ohun míì nípa ọmọ ọdún 15 yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? Ta ló ń wò lójú fèrèsé kíláàsì? Dorothea fẹ́ wa bàlúù nígbà ogun, ó ń kọ́ ọ lọ́wọ́, ogun parí kó tó kọ́ ọ tán. Kí ni tiwọn tó parí kí wọ́n tó kọ́ ọ tán? A máa ń kọrin pé ìyá ni wúrà, kò sẹ́ni tó ń bi wúrà ní ìbéèrè.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Dorothea sọ fún Abbie. Ó ní ìwọ ń rí i níta, bó ṣe jẹ́ èèyàn láàárín ayé. Èmi ò ní rí i bẹ́ẹ̀ láé.

Ó yá, ohun tí mo ní kẹ́ ẹ dúró dè. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kúárì yẹn, màámi ní kí n máa lọ bá Àǹtí Télọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa gé òwú, kí n máa bá a lọ aṣọ, pé ó níṣẹ́ lọ́wọ́ kò sì rí ọmọṣẹ́. Àǹtí náà ò ju bí ọmọ ọdún 26 lọ nígbà yẹn, kò tíì lọ́kọ, kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ pọ̀, ẹnu ẹ̀ ò sì níjàánu. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa bí obìnrin ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ọkùnrin ò sí nílé, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, mo fi orí pamọ́ sábẹ́ tábìlì pẹ̀lú síṣọ́ọ̀sì lọ́wọ́, mò ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ní ọ̀rẹ́bìnrin. Òun ló sọ fún mi pé lẹ́tà tí mo kọ gùn jù. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, màámi tún ní kí n gòkè lọ bá Ìyá Nọ́ọ̀sì ka ìwé ìròyìn, torí ojú wọn ò ríran mọ́. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ti gba ẹ̀bí fún ọgbọ̀n ọdún, bí mo bá ṣe ń kà ni wọ́n á máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi, wọ́n á máa ṣàlàyé fún mi ibi tí ọmọ ń gbà wáyé bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà Mọ́níyà. Ojú á ti fẹ́ já bọ́ lára mi.

Mo rò pé èmi ni mò ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ ẹ̀ rí i? Ní 2024, nígbà tí màámi ṣe ọgọ́ta ọdún, Àǹtí Télọ̀ wá, ó ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, ó jókòó tì mí nígbà tí wọ́n ń gbé jọ̀lọ́ọ̀fù, ó ní "ṣé o mọ̀ pé yáàdì mẹ́fà mẹ́fà ni màámi ẹ fi ń san án fún mi lóṣooṣù?" Mo ní sísan kí ni? Ó ní sísan ìwọ. Ó ní màámi wá bá òun lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé mi dé láti kúárì, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì òun, wọ́n ní ọmọ yìí ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, bóyá á bá ìwọ sọ. Ìyá Nọ́ọ̀sì ńkọ́? Àǹtí Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀. Ojú ìyá yẹn ò ṣe nǹkan kan! Wọ́n ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ fún òun nígbà tí èmi bá ti wà ní ilé-ìwé.

Inú kọ́kọ́ bí mi, mi ò ní purọ́. Bó ṣe bí Jamie náà nìyẹn. Ó dà bíi pé wọ́n fi mí háyà. Mo bi Àǹtí pé gbogbo ohun tí mo bá ti sọ lọ́dọ̀ yín, ṣé ẹ máa ń lọ rò fún wọn ni? Ó ní rárá o, wọn ò bi òun rí. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi òun, tí wọ́n bá dé láti ọjà, wọ́n á yọjú lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lórí, wọ́n á ní "Ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ yín?" Tóun bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ní ó dáa, wọ́n á wọlé, wọ́n á ní kí n gbé ìwé àwìn wá.

Lápá ìparí, Jamie àti Julie sá lọ, ọ̀rọ̀ ò wọ̀ láàárín wọn, Dorothea wá a lọ. Jamie sọ fún un pé òun rò pé ó ti tó wa tẹ́lẹ̀, èmi àti ìwọ. Wọ́n wá jókòó, ìyá sọ̀rọ̀ gidi fún ọmọ ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Jamie ní òun rò pé bí yóò ṣe máa rí lọ nìyẹn, pé ó ti ṣí, àmọ́ bóyá kò tún rí bẹ́ẹ̀ mọ́ láé, bóyá ìgbà yẹn náà ni gbogbo ẹ̀. Àwọn èèyàn fíìmù náà máa ń sọ ọjọ́ iwájú ara wọn fún wa, bí ẹni ń ka ìròyìn: Dorothea ní lọ́dún 1999 sìgá máa pa òun, jẹjẹrẹ ni. Mike Mills tó ṣe fíìmù yìí, Santa Barbara lòun náà ti dàgbà, ìyá tiẹ̀ gan-an ló fi ṣe Dorothea, ìyẹn náà sì kú ní 1999. Ó ti ṣe ti bàbá ẹ̀ ṣáájú, Beginners, 2010, èmi ò tíì wo ìyẹn, kò sí nínú fláàṣì. Jamie wá ní òun máa gbìyànjú láti sọ irú èèyàn tí ìyá òun jẹ́ fún ọmọ òun, àmọ́ kò ní ṣeé ṣe. Nígbà tó ń sọ ìyẹn lọ́wọ́, a rí Dorothea nínú bàlúù kékeré àtijọ́ kan tí kò ní òrùlé, atẹ́gùn ń fẹ́ irun ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín tó ń rín sí ọmọ ẹ̀. Ẹ̀rín tara ẹ̀ ni.

Ohun tó gbé mi lọ sí kíṣìnì láago méjì òru nìyẹn.

Ilẹ̀ mọ́, mo pe màámi láti Ifẹ̀ níbí. A kíra, a sọ ti orí ọ̀wọ́n gógó ata, a sọ ti orúnkún wọn. Mo wá ní "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé inú yín ń dùn?"

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní "Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, mo kàn ń béèrè ni. Wọ́n ní "Ṣé wọ́n ti dá ẹ dúró níbi iṣẹ́ ni?" Mo ní rárá mà. "Ṣé o jẹun?" Mo ní mo jẹun. Wọ́n ní kí n lọ gbàdúrà kí n sùn, pé ohùn mi ò dára, wọ́n gé fóònù.

Bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìyẹn, fóònù dún, àwọn ni. Wọ́n ní "Ìbéèrè tó o bi mí lẹ́ẹ̀kan yẹn." Mo ní ẹ̀n-ẹ́n mà. Mò ń gbọ́ rédíò lẹ́yìn wọn, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ó pẹ́ díẹ̀, mo tiẹ̀ wo ojú fóònù bóyá ó ti já.

Wọ́n ní "Tó o bá ń bọ̀ ní Sátidé, ra dòdò Ìkirè dání. Èyí tó dúdú dáadáa."